Ìbọn bàbá mi ń tàpá: ṣé kí n da díẹ̀ nù nínú ẹ̀tù kàtúùṣì?

Ìbéèrè: Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ni mí, mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì, kálíbù 12, tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mo fi ń ṣọdẹ awó àti ọ̀yà. Ìwé àṣẹ rẹ̀ pé. Láti ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, tí mo bá yin kàtúùṣì mẹ́ta péré, mi ò ní lè gbé apá dé orí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ibi tí ìbọn ti ń ṣẹ́ sì ti ń mì. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ṣí kàtúùṣì, kí n da díẹ̀ nù nínú ẹ̀tù rẹ̀, kí n tún un dì. Ṣé ó dára?

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú ìnira èjìká. Ẹ má ṣí i o. Ohun tí ọ̀rẹ́ yín ń wá kò burú, ọ̀nà tó là sílẹ̀ ni mo kọ̀.

Ohun kan nínú ọ̀rọ̀ yín ló gbà mí lọ́kàn jù: "láti ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá." Bàbá yín yin ìbọn yìí títí ó fi di tiyín, ẹ̀yin náà yìn ín títí, èjìká yín ò ké. Ìbọn kì í ṣàdédé kọ́ ìpá títa lọ́jọ́ ogbó. Ẹ lọ wo páálí kàtúùṣì tí ẹ ń rà báyìí, kí ẹ fi wé ti àtijọ́ bí ẹ bá ṣì ní ọ̀kan nílé. Nọ́ńbà méjì ni kí ẹ wá.

Èkíní ni gígùn: 65, 70, tàbí 76. Ọ̀pọ̀ ìbọn àtijọ́ ló jẹ́ pé ihò tí kàtúùṣì ń jókòó sí kò ju mílímítà 65 lọ. A sábà máa ń kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀pá ìbọn, bíi 12-65. Ti 70 ló kún ọjà lóde òní. Ìtàn rẹ̀ rèé: kàtúùṣì 70 tí a kò tíì yìn kì í tó mílímítà 60, torí pé ẹnu rẹ̀ wà ní kíká. Á wọlé wẹ́rẹ́, ìbọn á padé, ẹ ò ní fura. Ìgbà tó bá bú ni ẹnu tó ká yẹn máa ṣí, tí á wá fún ọ̀nà tí òjé fẹ́ gbà. Agbára inú ọ̀pá á pọ̀ sí i, ìbọn á tàpá bí ìbaaka, ìdè rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Àìsàn méjèèjì tí ẹ kà fún mi nìyẹn. Bí ìbọn yín bá jẹ́ 65, kàtúùṣì 65 nìkan ni kó jẹ.

Ìkejì ni ìwọ̀n òjé, tí wọ́n ń kọ ní gíráàmù. Ibí ni ọ̀rẹ́ yín ti ṣìnà. Ẹ̀tù inú kàtúùṣì kì í sábà ju gíráàmù méjì lọ. Òjé inú rẹ̀ lè jẹ́ 24, 28, 32, 36. Ìwúwo ohun tó sáré jáde lẹ́nu ìbọn, pẹ̀lú bó ṣe yára tó, ló ń ti ìdí ìbọn padà sí yín lára. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ fún ìbọn oníkílò mẹ́ta: bí ẹ bá kúrò ní 36 bọ́ sí 28, tí ìyára kò yí padà, agbára ìpá náà á dín ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ díẹ̀. Gíráàmù 24 ni àwọn tó ń yin àwo amọ̀ ń lò ní Òlíńpíìkì, wọ́n sì ń yìn ín lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́. 28 tó fún awó. Fún ọ̀yà, ẹ wá èyí tí wóró òjé rẹ̀ tóbi díẹ̀, kí ẹ sì sún mọ́ ọn. Mo mọ̀ pé ọdẹ kì í fẹ́ gbọ́ "sún mọ́ ọn."

Kí ló dé tí mo fi ní kí ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀tù? Ẹ̀tù inú kàtúùṣì òde òní kì í ṣe ẹ̀tù dúdú tí a ń rọ sínú ṣakabùlà. Irú èyí tí Paul Vieille ṣe ní ilẹ̀ Faransé ní 1884 ni, ẹ̀tù tí kì í rú èéfín. Ó nílò ìfúnpọ̀ kó tó lè jó dáadáa. Bí ẹ bá dín in kù, ó lè jó ìdajì: ẹ óò gbọ́ "pù" dípò "gbàù", ike tó wà láàárín ẹ̀tù àti òjé á sì há sínú ọ̀pá. Kàtúùṣì tó tẹ̀ lé e á bá a níbẹ̀. Wọ́n ti gbé irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ wá bá mi rí, ó wú láàárín bí ejò tó gbé òkété mì. Orí ló yọ ọwọ́ òsì ẹni tó ni ín. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn èèyàn ti ń di ọta fúnra wọn, òṣùwọ̀n kékeré àti ìwé ilé iṣẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, kì í ṣe ojú. Ilé iṣẹ́ Hodgdon, tó ń ta ẹ̀tù níbẹ̀, dárúkọ ẹ̀tù tó ń jẹ́ H4895 pàtó fún àwọn tó fẹ́ dín agbára ìbọn ọlọ́ta kan kù, nítorí kì í ṣe gbogbo ẹ̀tù ló gba kí a dín in. Ẹ̀yin ò tilẹ̀ mọ orúkọ èyí tó wà nínú kàtúùṣì yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe rọ ẹ̀tù kàtúùṣì sínú ṣakabùlà. Ìyẹn burú jù.

Ó ku bí ẹ ṣe ń gbé e. Àwa tí a fi ìbọn ẹlẹ́tù kọ́ṣẹ́ ti mọ́ra láti jẹ́ kó jìnnà sára, torí ìbẹ̀rù kó má bú. Àlàfo yẹn ni ìbọn fi ń sáré kó tó gbá yín. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ kòtò èjìká ṣinṣin, kì í ṣe orí egungun apá, kí ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ẹ má fẹ̀yìn ti igi yìn ín. Bí àtàǹpàkò yín bá ń gbá yín nímú, ìdí ìbọn kúrú fún yín nìyẹn. Rọ́bà tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà méjì á tún gígùn rẹ̀ ṣe, á sì rọ ìpá náà. Títí ẹ óò fi rí i rà, ẹ ká túùbù ọ̀kadà àlòkù mọ́ ọn.

Ní ti mímì: ẹ rí i pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀, ẹ yọ igi iwájú, ẹ di ìdí rẹ̀ mú, kí ẹ mì ín nítòsí etí. Bó bá ń dún kẹ̀kẹ̀, ẹ má yìn ín mọ́. Bí ojú irin ọ̀pá rẹ̀ bá sì lọ́ bí awọ ejò, ẹ má fi kàtúùṣì òde òní sínú rẹ̀ rárá kí ẹni tó mọṣẹ́ tó wò ó. Ẹ̀tù dúdú ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ wọn fún.

Àgbẹ̀dẹ mi kò jìnnà sí Àkàbà Ìdènà ní Kétu. Ẹ tú u sí méjì nínú àpò, kí ẹ mú ìwé àṣẹ rẹ̀ dání, pẹ̀lú páálí kàtúùṣì yẹn.