Olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn awakọ̀ òfuurufú ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má tíì ra ìwé kankan

Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́ wa. Ẹ ní àwọn ọ̀dọ́ tó ń múra ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ICAO (àjọ ọkọ̀ òfuurufú àgbáyé) lọ́dọ̀ yín ní Àkúrẹ́ ti há gbogbo ọ̀rọ̀ rédíò sórí, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti ní nǹkan bàjẹ́ lójú òfuurufú, ńṣe ni wọ́n á ya odi. Ẹ wá ń bèèrè ìwé tí ẹ máa rà fún wọn.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n há sórí yẹn, ìgbà tí ohun gbogbo ń lọ déédéé ló wà fún. Tí ẹyẹ bá kó sí ẹ́ńjìnnì, tí èéfín bá ń yọ láàárín àwọn èrò, tí táyà iwájú bá kọ̀ tí kò jáde, awakọ̀ ní láti fi Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ ṣàlàyé. Ó ń dùn mí pé àwọn tó ń pe ara wọn ní ọ̀mọ̀ràn ń gbowó lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti kọ́ wọn bí a ṣe ń fọ Gẹ̀ẹ́sì bí ará Amẹ́ríkà. Nǹkan mẹ́fà ni wọ́n ń gba máàkì fún, èyí tó kéré jù nínú wọn sì ni ipele èèyàn. Ẹni tó gba 5 nínú nǹkan márùn-ún lára wọn, tó wá gba 3 nínú ìgbọ́yé, 3 ló gbà. Level 4, ìyẹn ipele kẹrin nínú mẹ́fà, ni wọ́n sì ń fẹ́.

Ìgbọ́yé yìí gan-an ni kí ẹ jókòó tì. Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́ ohun tí táwà (àwọn tó ń darí bàálù láti ilẹ̀) sọ, síbẹ̀ á dáhùn pé "Roger", ìyẹn "mo ti gbọ́", nítorí a tọ́ ọ dàgbà pé kí ọmọdé máà ní kí àgbà tún ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ gba ìwà yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kó wọn ní méjì méjì, kí wọ́n kọ ẹ̀yìn síra wọn kí wọ́n má baà rí ojú àti ọwọ́ ara wọn. Ẹ fún awakọ̀ ní ìwé pélébé tí ìṣòro kan wà nínú rẹ̀. Ẹni tó wà ní táwà kò gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹ tan rédíò tó ń ha sí àárín wọn. Ti táwà á kọ ohun mẹ́rin sílẹ̀: ohun tó bàjẹ́, ohun tí awakọ̀ fẹ́, iye ìṣẹ́jú tí epo rẹ̀ lè gbé e, iye èèyàn tó wà nínú bàálù. Tí ọ̀kan bá yàtọ̀ sí ti inú ìwé, kí wọ́n tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí kò gbọ́, kó sọ "Say again". Èyí tó gbọ́ àmọ́ tí kò dá a lójú, "Confirm". Èyí tó gbọ́ àmọ́ tí kò yé e, kó sọ bẹ́ẹ̀ gbangba, kó ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ mìíràn sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fòfin de ọ̀rọ̀ kan lórí ìwé náà, bíi "hydraulic", kí ó wá ọ̀nà mìíràn sọ pé ọ́ìlì tó ń ti bíréèkì ń jò.

Títo ọ̀rọ̀ Mayday, ìyẹn ìpè ẹni tó wà nínú ewu, ẹ mọ̀ ọ́n, n ò ní fà á gùn. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa bẹ̀bẹ̀ dípò kí wọ́n pè é! Ní January 25, 1990, epo tán nínú bàálù Avianca 52 nítòsí New York, èèyàn 73 sì kú. Àwọn awakọ̀ náà sọ fún táwà pé epo ń tán lọ, ṣùgbọ́n wọn kò pe Mayday. "Minimum fuel" wulẹ̀ ń ta táwà lólobó pé epo kò ní gba ìdádúró ni. Tí awakọ̀ bá rí i pé epo ìgbẹ̀yìn tí òfin ní kó ṣẹ́ kù máa dín kó tó balẹ̀, "Mayday, Mayday, Mayday, fuel" ló kàn.

Nípa ìpè, ẹ má yọ ẹni tó ń pe 3 ní "tree" àti 1000 ní "tousand" lẹ́nu: bí ICAO ṣe kọ ọ́ nìyẹn. "Zero" tó ń di "sero" àti "hold" tó ń di "old" ni kí ẹ tún ṣe.

Kí ẹnikẹ́ni tó sanwó ìdánwò, kó kọ́kọ́ bi NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà, bóyá wọ́n gba ìwé ẹ̀rí ibi tó fẹ́ lọ. Level 4 náà kì í ṣe títí ayé: ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni ICAO dámọ̀ràn pé kí wọ́n máa tún un ṣe.