Ìgbéyàwó tí kò ní alárinà

Àbúrò mi, o ní ọmọ Íńdíà tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní Leicester fẹ́ fẹ́ ẹ, àwọn òbí ẹ̀ sì ti ń wá ìyàwó fún un nílé. O tún ní àwọn èèyàn ń sọ pé ìgbéyàwó tí òbí bá ṣètò lọ́hùn-ún kì í tú. Mo fẹ́ ọmọ Íńdíà kan rí, a sì ti kọ ara wa sílẹ̀. Jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí ní Pune, ìlú kan ní Íńdíà.

Ibẹ̀ ni mo ti lọ kàwé, ibẹ̀ la ti pàdé. Ẹlẹ́sìn Híńdù ni, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, torí náà òfin ọdún 1954 tí wọ́n ń pè ní Special Marriage Act la fi ṣe é. Wọ́n á kọ́kọ́ lẹ orúkọ àti àdírẹ́sì yín mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ ìgbéyàwó sílẹ̀ fún ọjọ́ 30, kí ẹni tó bá fẹ́ takò ó lè yọjú. Ọjọ́ kẹsàn-án, ẹnì kan ya fọ́tò tiwa ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi. Kílẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, pálọ̀ ti kún fẹ́bí. Wọn ò bú mi o. Ìyá ọkọ mi kàn ń fi etí aṣọ sárì ẹ̀ nujú, ó ń wí ṣáá pé, "Kí làwọn aráyé á wí?"

Ọdún yẹn náà ni wọ́n fa àbúrò ọkọ mi obìnrin fọ́kọ. Wo ètò ná! Wọ́n kọ biodata ẹ̀ bí ẹni ń wáṣẹ́: bó ṣe ga tó, àwọ̀ ara, ìwé tó kà, ìran tó ti wá. Awòràwọ̀ fi wákàtí tí wọ́n bí àwọn méjèèjì wéra. Máàkì 36 ló pé, 18 ló kéré jù. Tiwọn jẹ́ 31, inú ilé dùn bí ìgbà tọ́mọ yege WAEC. Lọ́dọ̀ tiwa, ọkọ ló ń sanwó orí. Tiwọn, ilé ìyàwó ló ń kówó kẹ́rù lọ. Òfin ti kà á léèwọ̀ láti 1961, ni wọ́n bá sọ ọ́ di "ẹ̀bùn".

Ọdún kejì, ọmọ náà gbé báàgì ńlá kan dé nígbà ọdún Diwali tàwọn Híńdù, ojú ẹ̀ wú. Bàbá ẹ̀ gbọ́ tẹnu ẹ̀ tán, ó pe àwọn tó ṣalárinà, wọ́n lọ bá àwọn àna. Ọjọ́ kẹta, bàbá fúnra ẹ̀ ló gbé báàgì yẹn padà sí ibùdó rélùwéè. Ó ṣì wà nílé ọkọ dòní. Ẹni tó bá ń ka ìgbéyàwó tí kò tú, ó ti ka tiẹ̀ mọ́ ọn. Mi ò bi í rí bóyá ó ń láyọ̀.

Nígbà tí ìjà wá kan èmi àti ọkọ mi, ta ni mo fẹ́ ké sí? Àwọn ẹbí ẹ̀ ní, "Ẹ̀yin lẹ yan ara yín." Ìyá mi ní Ìjẹ̀bú ní òun ti sọ tòun tẹ́lẹ̀. Ọkọ mi kì í ṣèèyàn burúkú. Ṣùgbọ́n kò sí àgbà kan tó lè pè é jókòó kó bá a wí, kò sì sẹ́ni tó lè bá èmi náà wí.

A gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún kan gbáko kí ilé ẹjọ́ tó gba ìwé ìkọ̀sílẹ̀ wa, torí bí òfin ṣe wí nìyẹn fún àwọn tó jọ gbà láti túká. Wọ́n tún ní ká lọ fi oṣù mẹ́fà rò ó. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ ní 2017 pé adájọ́ lè fo oṣù mẹ́fà yẹn, àmọ́ tiwa ò fò ó. Ọjọ́ tó parí, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọkọ mi ra tíì fún mi níta, nínú kọ́ọ̀bù kékeré yẹn, ṣúgà díẹ̀ bó ṣe mọ̀ pé mo ń mu ún. A mu ún tán, kálukú wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá tiẹ̀.

Nítorí náà, má bi í bóyá ó nífẹ̀ẹ́ ẹ, o ti mọ̀yẹn. Bi í pé àgbà wo ní ìdílé wọn ló máa dúró fún ẹ lọ́jọ́ tí ẹ bá jà. Kó dárúkọ onítọ̀hún, kó sì pè é lójú ẹ. Ohun tó bá sọ, kọ ọ́ síbí, màá kà á.