Ẹ bá bàbá yín jẹun kí ẹ tó mú pásítọ̀ lọ bá wọn

Arábìnrin wa, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ yín kí n tó lè kọ èsì. Ẹ ní bàbá yín ti pé ẹni ọdún 81, wọ́n ṣì ń bọ Ifá, ẹ̀yin nìkan sì ni onígbàgbọ́ nínú àwọn ọmọ wọn. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ mú pásítọ̀ yín dání lọ sílé ní Kérésìmesì yìí láti bá wọn sọ̀rọ̀ ìgbàlà, tàbí kí ẹ sọ ọ́ fúnra yín. Ẹ fi kún un pé oorun kì í kùn yín mọ́ nítorí ẹ̀rù pé kí wọ́n má lọ kú sínú àìgbàgbọ́. Mo mọ ẹ̀rù yẹn dáadáa. Òun ló mú mi ṣe ohun tí mo ń kábàámọ̀ títí di òní.

Babaláwo ni bàbá tèmi náà, ní ìlú kékeré kan lẹ́bàá Ìwó. Nígbà tí mo di àtúnbí, wọn kò bá mi jà. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sọ ni pé kí n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ Ọlọ́run yà mí nípá lọ́dọ̀ ẹbí. Ní ọdún kẹta, wòlíì kan nínú ìjọ tí mo ń lọ nígbà náà sọ fún mi pé inú oúnjẹ ilé bàbá mi ni àtakò ayé mi wà, àti pé níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì ń jẹ níbẹ̀, ẹ̀mí tó de bàbá mi kò ní tú wọn sílẹ̀. Ó ní kí n gbààwẹ̀ ọjọ́ 21, ó gba 50,000 náírà lọ́wọ́ mi fún òróró àti àbẹ́là, ó sì pàṣẹ pé n kò gbọdọ̀ fẹnu kan ohunkóhun nínú ilé náà títí bàbá mi yóò fi ronú pìwà dà. Mo gbà á gbọ́, nítorí ẹni tí ẹ̀rù ọ̀run àpáàdì bá ti mú lórí bàbá rẹ̀ kì í dúnàá dúrà mọ́.

Mo dé ilé nígbà ọdún Àjíǹde. Ìyá mi ti kú tipẹ́, nítorí náà bàbá mi ti bẹ ìyàwó àbúrò wọn pé kó gúnyán dè mí. Wọ́n fọwọ́ ara wọn gbé omi ìfọwọ́ síwájú mi. Mo ní mo ti jẹun lójú ọ̀nà. Wọ́n wò mí, wọ́n wo iyán náà, wọ́n ní: “Adìẹ tó wà nínú ọbẹ̀ yẹn, lọ́tọ̀ ni mo ní kí wọ́n pa á fún ọ. N kò fi bọ nǹkan kan. Mo mọ̀ pé o kì í jẹ ẹ́ bí mo bá fi bọ.” Síbẹ̀, n kò fọwọ́ kàn án. Iyán náà tutù, ojú rẹ̀ gbẹ, kò sì sí ẹni tó gbé e kúrò títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo tún ṣe irú rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta. Nígbà tó yá, wọn kò gbé oúnjẹ síwájú mi mọ́. Ohun tó dùn mí jù ni pé wọn kò bi mí ní ìbéèrè mọ́ pẹ̀lú. Tẹ́lẹ̀ rí, bí a bá ti jẹun tán, wọ́n a máa bi mí pé ta ni Jésù yìí, kí ló dé tí kò fi gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó kàn án mọ́gi. Ọlọ́run ti ṣí ilẹ̀kùn, èmi ni mo fọwọ́ ara mi tì í.

Ìgbà tí ẹ̀pa kò bóró mọ́ ni mo tó ka Kọ́ríńtì Kìíní orí 10, ẹsẹ 27 àti 28, pé bí ẹni tí kò gbàgbọ́ bá pè wá wá jẹun, kí á jẹ ohun tó bá gbé síwájú wa láìwádìí, àfi bí ẹnìkan bá sọ pé a ti fi rúbọ. Bàbá mi tí kò ka Bíbélì rí ti pa ẹsẹ yẹn mọ́ fún mi. Kò sí ẹnì kan tó fi í hàn mí nínú gbogbo àwọn tó gba owó ìtúsílẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Lẹ́yìn náà ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá mi, apá ọ̀tún wọn kú, ẹnu wọn yí, ọ̀rọ̀ kò sì jáde mọ́. Mo ṣe ohun tí ẹ̀yin ń gbèrò yìí gan-an: mo mú pásítọ̀ dání lọ sí ilé ìwòsàn. Kò kí wọn. Ó da òróró sí wọn lórí, ó sì ń pariwo pé kí wọ́n jẹ́wọ́, kí wọ́n kọ Èṣù sílẹ̀, lójú gbogbo aláìsàn tó wà nínú yàrá náà, fún ẹni tí ahọ́n rẹ̀ kò lè béèrè omi. Ọwọ́ òsì bàbá mi di irin bẹ́ẹ̀dì mú títí iṣan fi yọ lórí rẹ̀. Wọ́n rọra yí ojú sí ògiri, wọn kò sì yí i padà títí nọ́ọ̀sì fi ní kí á jáde. Pásítọ̀ náà sọ fún mi ní ìta pé ọkàn wọn ti yigbì, pé àìnígbàgbọ́ tèmi ló fà á.

Mo gba ìsinmi níbi iṣẹ́, mo gbé wọn wálé, mo sì tọ́jú wọn fún oṣù márùn-ún. Mo ń fi ṣíbí fún wọn ní ògì, mo ń wẹ̀ fún wọn, ní alẹ́ mo sì ń ka Bíbélì sókè fún ara mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, nítorí pé n kò láyà láti wàásù mọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí mo ń ka Lúùkù orí 15, mo dákẹ́ níbi tí bàbá ti rí ọmọ rẹ̀ lókèèrè, tó sì sáré lọ pàdé rẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ òsì lu bẹ́ẹ̀dì. Mo rò pé omi ni wọ́n ń fẹ́, wọ́n mi orí. Mo tún un kà, wọ́n sì dákẹ́. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ṣíwọ́, wọ́n á tún lù ú. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ikú wọn, mo sọ fún wọn pé Jésù kú nítorí wọn, pé bí wọ́n bá gbà á ní Olúwa, kí wọ́n tẹ ọwọ́ mi. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ wọ́n a máa tẹ̀ ẹ́ bákan náà bí ara bá ń ro wọ́n, nítorí náà n kò lè búra. Pásítọ̀ náà kọ̀ láti gbàdúrà níbi ìsìnkú, ó ní Róòmù orí 10 sọ pé ẹnu la fi ń jẹ́wọ́. Ọ̀dọ̀ Onídàájọ́ tí kì í ṣe àṣìṣe ni mo fi bàbá mi sí, n kò sì gbà fún ẹnikẹ́ni láti ṣe ìdájọ́ náà fún mi.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó máa ń fi Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 16, ẹsẹ 31 gba owó lọ́wọ́ ènìyàn, pé “Gba Jésù Olúwa gbọ́, a ó sì gbà ọ́ là, ìwọ àti àwọn ará ilé rẹ.” Ẹ ka ẹsẹ 32 sí 34: Pọ́ọ̀lù àti Sílà sọ ọ̀rọ̀ Olúwa fún onítúbú tí wọ́n sọ gbólóhùn yẹn fún àti gbogbo ará ilé rẹ̀, àwọn náà sì gbàgbọ́. Ààwẹ̀ ẹnìkan kò gba ipò etí ẹlòmíràn. Ẹ má sì gbà bí wọ́n bá ní kí ẹ kó ikin tàbí ọpọ́n bàbá yín dànù ní ìkọ̀kọ̀. Olè jíjà ni. Ẹ bá àwọn ẹ̀gbọ́n yín sọ̀rọ̀ ìsìnkú nísinsìnyí tí bàbá ṣì lè fẹnu ara wọn sọ ohun tí wọ́n fẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má kánjú. Àwọn arákùnrin Jésù fúnra rẹ̀ kò gbà á gbọ́ nínú Jòhánù orí 7, ṣùgbọ́n wọ́n wà níbi àdúrà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 1. Ajàyí Crowther, tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, ti di àlùfáà láti 1843 kó tó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1846. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣẹlẹ̀ láàárín wọn kì í ṣe ìwàásù: wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, omijé sì ń dà. Ó di 1848 kí ìyá náà tó ṣe ìrìbọmi. Bí àlùfáà bá lè fara balẹ̀ fún ìyá rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà lè fara balẹ̀.

Ní ti ìbéèrè yín gan-an, ẹ má mú ẹnikẹ́ni dání. Àdúrà, ẹ mọ ìyẹn, ẹ máa gbà á. Ẹ kúnlẹ̀ kí wọn, kí ẹ sọ ohun tí Jésù ṣe fún yín ní ọ̀rọ̀ díẹ̀, láìbú Ifá, láìdẹ́rù bà wọ́n, kí ẹ sì dákẹ́ kí wọ́n lè fèsì. Bí àwọn fúnra wọn bá ní àwọn fẹ́ rí pásítọ̀, ẹ wá àgbà tó mọ bí a ti ń kí àgbà. Ẹ lọ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú Kérésìmesì, kí èrò tó kún ilé. Bí wọ́n bá sì gbé iyán síwájú yín, ẹ fọ ọwọ́ yín, kí ẹ jẹ ẹ́ tán.