Èwo ni ìwà, èwo ni àìsàn? Ìbéèrè yín lórí ẹja clownfish

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Ẹlẹ́ja. Ọmọ mi ọkùnrin ni kò jẹ́ kí n sinmi títí mo fi ra clownfish. Èyí àkọ́kọ́ ti wà lọ́dọ̀ wa láti ọdún tó kọjá, kò sì fún wa ní wàhálà kankan. Ní Sátidé tó kọjá a ra kékeré kan kún un. Láti ìgbà tó ti dé ló ti ń ṣe bí ẹni tí gìrì mú: bí èyí ńlá bá ti sún mọ́ ọn, á fi ẹ̀gbẹ́ kan dà, á máa gbọ̀n. Lánàá mo wá rí i pé nǹkan funfun bí ikun imú ń ṣí kúrò lórí rẹ̀ àti ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò jẹun. Ibi tí omi ti ń tú jáde lára fílítà ló dúró sí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọkọ mi ní oògùn bàbà ni kí n dà sínú táǹkì. Ṣé kí n dà á? (Ìyá Tòbí, Peckham, London)

ÌDÁHÙN: Ìyá Tòbí, ẹ má dà á o. Ẹ bá mi gbé ìgò yẹn pamọ́ ná. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ dì pọ̀ sínú ìbéèrè kan.

Gbígbọ̀n yẹn kì í ṣe gìrì. Akọ ni gbogbo clownfish kọ́kọ́ máa ń jẹ́. Èyí tó bá tóbi jù láàárín wọn ni yóò di abo, òun ni yóò sì máa pàṣẹ. Èyí tó tẹ̀ lé e ni ọkọ rẹ̀. Kékeré tó ń gbọ̀n níwájú ńlá, ó ń dọ̀bálẹ̀ fún ìyálé ni. Ká ní kò gbọ̀n ni, ìjà ni ẹ ò bá máa bá mi sọ báyìí. Bí abo bá sì kú, akọ tó kù ni yóò di abo, kò sì ní padà di akọ mọ́ láé. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bá ẹni tó bá fi abo méjì sínú táǹkì kékeré wí: ìkan á pa ìkejì.

Ti ikun funfun, àìjẹun àti mímí hẹlẹhẹlẹ ló ń bà mí lẹ́rù. Bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀ yìí, Brooklynella ló jọ. Kòkòrò kan ni tí ojú lásán kò lè rí. Ọdún 1970 ni Lom àti Nigrelli kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀. Ó ń mú oríṣiríṣi ẹja òkun, ṣùgbọ́n ó ń mú clownfish débi pé àwọn tó ń sin ẹja kúkú ń pè é ní àìsàn clownfish. Awọ ara ẹja ló ń jẹ, àti ibi tí ẹja fi ń mí. Lórí ẹja náà gan-an ló ti ń pín ara rẹ̀ sí méjì, méjì sí mẹ́rin, kò nílò kó kọ́kọ́ já bọ́ sínú yanrìn kó tó bí sí i. Ẹja tó ń jẹun ní ọjọ́ Ajé lè kú kí Ọjọ́rú tó dé.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó dáadáa kí ó lè dá yín lójú. Bí ó bá jẹ́ àmì funfun ṣóńṣó-ṣóńṣó bí hóró iyọ̀, ọ̀tọ̀ nìyẹn, kòkòrò mìíràn tó ń jẹ́ Cryptocaryon ni. Bí ó bá dà bí eruku kíkúnná tó ń dán díẹ̀ bíi góòlù, kòkòrò tó ń jẹ́ Amyloodinium ni. Àwọn méjèèjì yẹn ni bàbà ń bá jà. Kò ran Brooklynella rárá. Bí ẹ bá sì da bàbà sínú táǹkì tí edé, ìgbín òkun tàbí anemone (ẹran òkun tó dà bí òdòdó, tí clownfish máa ń fi ṣe ilé) wà, gbogbo wọn ni yóò kú, òkúta inú táǹkì á sì fa bàbà náà mu.

Ohun tó ń pa Brooklynella ni formalin. Bẹ́ẹ̀ ni, èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú ní mọ́ṣúárì. Nínú ike ọ̀tọ̀ tí ọṣẹ kò kàn rí ni wọ́n ti ń fi í wẹ ẹja, omi iyọ̀ ni ẹ ó bù sí i, kí ó gbóná tó ti táǹkì. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ máa hó nínú rẹ̀ gidigidi, torí formalin ń gba afẹ́fẹ́ kúrò nínú omi, ẹja yín kò sì rí afẹ́fẹ́ tó tẹ́lẹ̀. Ìwọ̀n tó wà lára ìgò ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ bá dókítà ẹranko tó mọ̀ nípa ẹja sọ̀rọ̀ lónìí, kì í ṣe lọ́la. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ ṣí fèrèsé, kí Tòbí má sí nítòsí: ó lè fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn.

Bí ẹ kò bá rí formalin lálẹ́ òní, ẹ fi omi lásán tí kò ní iyọ̀ tàbí kílóríìnì wẹ ẹja náà fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 5, kí omi náà gbóná bákan náà, kí pH rẹ̀ (ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó) sì bá ti táǹkì mu. Ìtura díẹ̀ ni, kì í ṣe ìwòsàn.

Ìyálé náà gbọ́dọ̀ jáde, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ ń dán, kí ẹ sì tọ́jú òun náà. Lẹ́yìn ìwẹ̀, inú táǹkì ìtọ́jú tó mọ́ ni kí ẹ kó wọn sí, ẹ má dá wọn padà sínú ti tẹ́lẹ̀. Ẹ fi ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ láìsí ẹja fún ọ̀sẹ̀ 6.

Ní ti ẹni tó tà á fún yín, ẹnu mi kò gbà á. Ẹja tuntun gbọ́dọ̀ dá wà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó bá ti ilé pàdé, ó sì yẹ kí ẹnìkan ti sọ bẹ́ẹ̀ fún yín kí ẹ tó sanwó. Nígbà mìíràn, ẹ béèrè bóyá inú táǹkì ni wọ́n ti bí i tàbí inú òkun ni wọ́n ti mú un. Èyí tí wọ́n mú nínú òkun ni Brooklynella sábà máa ń bá wá. Ẹ ní kí wọ́n fún un lóúnjẹ lójú yín. Bí kò bá jẹ, ẹ fún wọn ní ẹja wọn.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, tèmi kì í sùn bí ẹja. Bí a bá ti paná, igun òkè táǹkì ló ń lọ, á dẹ̀gbẹ́ sójú omi bí òkú. Láàárọ̀, á tún máa jẹun wàmùwàmù. Ìkejì: iyọ̀ táǹkì ti wọ́n jù, ṣé mo lè máa bu omi òkun ní Ẹlẹ́gùṣì? (Àkànbí, Lẹ́kkí)

ÌDÁHÙN: Àkànbí, jẹ́ kó sùn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ṣe ń sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tó ṣì wà lójú omi, tí kò wá oúnjẹ, nígbà náà ni kí o wo mímí rẹ̀.

Omi Ẹlẹ́gùṣì, rárá. Omi ọ̀sà ń ya wọ òkun ní Èkó, nígbà òjò iyọ̀ etíkun á dínkù, ìdọ̀tí ìlú á sì bá a wá. Ìwọ̀n iyọ̀ 1.025 (specific gravity) ni ẹja rẹ ń fẹ́, kò fẹ́ èyí tó ń lọ sókè sódò. Ooru àti iná tó ń lọ ló yẹ kó jẹ ọ́ lógún. Omi gbígbóná kì í gba afẹ́fẹ́ púpọ̀; bí ó bá ti kọjá 28°C, tí iná tún lọ, ẹja á máa mí bí ẹni tó sáré. Ra ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó ń lo bátìrì, má dúró de jẹnẹrétọ̀. Fáànù tí a kọ sójú omi náà ń mú un tutù, àmọ́ ó ń gbẹ omi. Omi lásán tí kò níyọ̀ ni kí o fi dí èyí tó gbẹ, torí omi nìkan ló ń lọ, iyọ̀ rẹ̀ ṣì wà nínú táǹkì.