Lẹ́tà MP kọ́ ló ń fúnni ní ìwé ìgbélùú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Lọ́yà. Peckham ni mò ń gbé. Home Office, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìgbélùú, kọ̀ láti fún mi ní ìwé, lẹ́tà wọn dé lóṣù yìí. Bàbá kan tá a jọ ń jọ́sìn ní àwọn mọ Harriet Harman dáadáa. Wọ́n ní ẹni tó ti ṣe MP, ìyẹn aṣòfin tó ń ṣojú àdúgbò, fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, tó tún ti wá di Baroness, lẹ́tà kan ṣoṣo láti ọwọ́ rẹ̀, Home Office á gbà. £800 ni wọ́n ní kí n mú wá, mo ti san ìdajì. Ṣé kí n san èyí tó kù?

Ìdáhùn: Ẹ má san kọ́bọ̀ mọ́.

Irú ìbéèrè yìí ti ń pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi, inú sì ń bí mi sí i, torí àwọn tí wọ́n ń gba owó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wọn kì í ní in. N ò tíì rí fáìlì yín, nítorí náà ẹ má fi ohun tí mo kọ síbí rọ́pò ìmọ̀ràn lọ́yà tó bá yẹ̀ ẹ́ wò.

Àkọ́kọ́, Harriet Harman kì í ṣe MP mọ́. Kò du ipò nínú ìbò oṣù Keje ọdún 2024. Miatta Fahnbulleh ni Peckham dìbò yàn. Ilé ìgbìmọ̀ òkè, House of Lords, ló wà báyìí gẹ́gẹ́ bíi Baroness, kò sì sí àdúgbò tí ẹnikẹ́ni ń ṣojú fún níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ká ní ó ṣì wà nípò náà ńkọ́? Ibi tí àṣìṣe ńlá wà nìyẹn. Agbára MP kì í ṣe owó àjọ tó ń pọ̀ sí i bí oṣù ṣe ń gorí oṣù. Ìgbésí ayé obìnrin yìí gan-an ló fi hàn.

Lọ́yà ni òun náà. Ìlú London ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1950, ó kàwé ní Yunifásítì York, ó ṣiṣẹ́ ní Brent Law Centre, níbi tí wọ́n ti ń gbèjà àwọn tí kò lówó lọ́wọ́. Lọ́dún 1978 ó bọ́ sí ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ NCCL. Níbẹ̀ ló ti gba ẹjọ́ ẹlẹ́wọ̀n kan tó pe Home Office lẹ́jọ́. Wọ́n ka àwọn ìwé Home Office sókè ní kóòtù. Lẹ́yìn náà ó fi àwọn ìwé ọ̀hún han oníròyìn kan. Home Office bá gbé òun fúnra rẹ̀ lọ sí kóòtù pé ó tàbùkù ilé ẹjọ́. Ó jà á dé kóòtù tó ga jù lọ, ó sì pàdánù níbẹ̀ lọ́dún 1982. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ dé Strasbourg, níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù, ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà láti yanjú rẹ̀. Home Office tí wọ́n sọ fún yín pé yóò gbọ́ràn sí i lẹ́nu nìyẹn o.

Lọ́dún 1982 yẹn náà, MP Peckham, Harry Lamborn, kú, wọ́n sì dìbò yan Harman rọ́pò rẹ̀ nínú oṣù Kẹwàá. Ẹni ọdún 32 ni, oyún àkọ́bí rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Obìnrin mọ́kàndínlógún péré ni ìbò ọdún 1979 gbé wọ ilé aṣòfin náà; nínú ìbò 2024, wọ́n di 263. Òun wà lára àwọn tó fi ẹnu àti ara ja ìjà yẹn.

Lọ́dún 1997 Tony Blair, olórí ìjọba nígbà náà, fi í ṣe mínísítà. Ọdún kan lẹ́yìn náà, wọ́n yọ ọ́. Ó padà wá, ó di igbákejì olórí ẹgbẹ́ Labour láti 2007 sí 2015, ó dipò olórí mú lẹ́ẹ̀mejì, kò sì di olórí ìjọba rí. Òfin Equality Act ti ọdún 2010, tó dé ojú ìwé òfin lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀, ni mo rò pé ó ṣe yín láǹfààní jù: bí ọ̀gá ibi iṣẹ́ yín bá fi àwọ̀ yín tàbí orílẹ̀-èdè yín fi ẹ̀tọ́ dù yín, òfin yẹn ni ẹ ó fi pè é lẹ́jọ́. Àìmọye ọdún ìfọ̀rọ̀wérọ̀ àti ìbò ló gbé e jáde, kì í ṣe lẹ́tà ẹnì kan.

Lọ́dún 2017 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ìyá Ilé, torí pé òun ni obìnrin tó pẹ́ jù níbẹ̀ láì dúró rárá. Oyè ọlá ni, kò sí àṣẹ nínú rẹ̀. Kódà nígbà tó ṣe alága ìgbìmọ̀ aṣòfin tó wádìí Boris Johnson, olórí ìjọba tẹ́lẹ̀, lọ́dún 2023, èèyàn méje ni wọ́n, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Johnson. Ilé ní láti dìbò kí ìròyìn wọn tó múlẹ̀: 354 gbà á, 7 kọ̀ ọ́.

Ohun tí MP lè ṣe fún yín ni kó bá yín béèrè ibi tí fáìlì yín dé, kó sì ta Home Office jí bí wọ́n bá fi falẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ò nílò bàbá kankan, ẹ ò sì nílò pásípọ́ọ̀tù Bìrìtìkó. Kí ẹ sáà máa gbé ní àdúgbò tó ń ṣojú fún, kí ẹ pe ọ́fíìsì rẹ̀.

Ṣùgbọ́n lẹ́tà MP kì í dá ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dúró. Bí ẹ bá ní ẹ̀tọ́ láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn láti ìlú yìí, ọjọ́ 14 ló sábà máa ń jẹ́, ó sì lè ti ń lọ báyìí. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà Home Office lónìí, kí ẹ gbé e lọ bá lọ́yà kí ẹ tó pe MP.

Ní ti £400 tó ti lọ, n ò mọ bàbá náà, n ò sì ní pe ẹnikẹ́ni lólè. Òfin ọdún 1999 ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí ẹni tí kò ní àṣẹ máa ṣe iṣẹ́ ìmọ̀ràn lórí ìwé ìgbélùú. Ẹ béèrè rísíìtì àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ wọn. Bí wọn ò bá ní, ẹ kọ̀wé sí Immigration Advice Authority, àjọ tó ń bójú tó àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìmọ̀ràn yìí, tí wọ́n ń pè ní OISC tẹ́lẹ̀.