Ìbéèrè Òfin: Mo Fẹ́ Lọ́kọ ní Pune, Kí Ni Kí N Ṣe Kí N Tó Wọ Ilé Àna?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, agbẹjọ́rò. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, Kristẹni sì ni mí. Ìlú Ọba ni mo ti pàdé àfẹ́sọ́nà mi, ọmọ Íńdíà tó jẹ́ ẹlẹ́sìn Híńdù láti ìlú Pune. Ibẹ̀ ni a ó ti ṣe ìgbéyàwó, a ó sì máa gbé nílé àwọn òbí rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí a ṣe é níwájú iná gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, wọ́n ní ìyẹn ti tó. Ìyá mi fẹ́ fún mi ní wúrà rẹ̀ mú lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á, torí ó gbọ́ pé ìdílé ìyàwó ni wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ààbò wo ni òfin ní fún mi?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire, kí Olúwa fi ọjọ́ náà hàn wá láyọ̀. Ìbẹ̀rù ìyá yín kì í ṣe àṣejù, bẹ́ẹ̀ sì ni kò tó ohun tí a ó tìtorí rẹ̀ tú àdéhùn ká. Òfin Íńdíà ti ṣe púpọ̀ fún obìnrin tó wà nílé ọkọ, ṣùgbọ́n obìnrin tí ìwé rẹ̀ pé ni ó máa ń tètè gbà sílẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ ka ìdáhùn yìí pẹ̀lú àfẹ́sọ́nà yín, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí iná náà. Ìgbéyàwó tí ọkọ àti ìyàwó ti ń gbé ìṣísẹ̀ méje pọ̀ níwájú iná fìdí múlẹ̀ lábẹ́ Òfin Ìgbéyàwó Híńdù ti ọdún 1955, ṣùgbọ́n òfin yẹn kò gba Kristẹni mọ́ra. Ní ọdún 2008, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Íńdíà gbọ́ ẹjọ́ Híńdù kan àti Kristẹni kan tí wọ́n ti gbéyàwó ní ìlànà Híńdù, ó sì sọ pé lójú òfin, wọn kò fẹ́ ara wọn rí. Nígbà tí àwọn àna yín bá ní ìyẹn ti tó, àṣà ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe òfin.

Ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ fún yín ni Òfin Ìgbéyàwó Àkànṣe ti ọdún 1954, tí ẹni méjì tí ẹ̀sìn wọn yàtọ̀ lè lò. Ọ̀kan nínú yín gbọ́dọ̀ ti gbé ní àgbègbè Pune fún ó kéré tán 30 ọjọ́ kí ẹ tó fi ìwé ìkéde sílẹ̀ lọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ ìgbéyàwó ìjọba. Wọn yóò lẹ ìwé náà mọ́ ibi tí gbogbo èèyàn ti lè rí i fún 30 ọjọ́ mìíràn, kí ẹni tó bá mọ ìdí tí ìgbéyàwó náà kò fi tọ̀nà lójú òfin, bíi pé ọ̀kan nínú yín ti ní ọkọ tàbí aya láàyè, lè sọ ọ́. Pé àwọn òbí kò fẹ́ kì í ṣe ìdí. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó fọwọ́ síwèé níwájú ẹlẹ́rìí mẹ́ta. Bí ìwé ìrìnnà yín bá jẹ́ ti Nàìjíríà, ẹ tètè lọ béèrè lọ́dọ̀ ọ́fíìsì aṣojú wa fún ìwé tó fi hàn pé ẹ kò tíì lọ́kọ. Bí ìwé-ẹ̀rí bá ti wà lọ́wọ́, ẹ yí iná ká pẹ̀lú ayọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí ẹ yí ẹ̀sìn padà kí iṣẹ́ ìwé lè yá, ẹ má gbà.

Ohun kan wà nínú òfin yìí tí ọ̀pọ̀ kì í sọ fún ìyàwó: Híńdù tó bá fẹ́ ẹni tí kì í ṣe Híńdù lábẹ́ rẹ̀ ti yà kúrò nínú àjọni dúkìá ìdílé rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpín tirẹ̀ kò sọnù. Ó sàn kí bàbá ọkọ yín gbọ́ èyí ṣáájú ìgbéyàwó ju kí ó gbọ́ ọ lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ti wúrà ìyá yín, nílé wa ọkọ ló ń gbé ẹrù ìdána wá, ṣùgbọ́n ní apá púpọ̀ Íńdíà, ìdílé ìyàwó ló ń kó owó àti ẹrù fún ìdílé ọkọ, wọ́n sì ń pè é ní dahej. Láti ọdún 1961 ni òfin ti ka fífún, gbígbà àti bíbéèrè rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, síbẹ̀ kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀: ní ọdún 2022 nìkan, àkọsílẹ̀ ìjọba ka ikú obìnrin tó lé ní 6,000 tó wáyé nítorí rẹ̀. Kò yọ ilé ọ̀mọ̀wé àti olówó sílẹ̀. Ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ tí kò dárúkọ owó, bíi "ẹ kàn fún ọmọ yín ní ohun tó bá wù yín," tàbí "ìdílé kan tó ti kọ́kọ́ wá bá wa fẹ́ fún ọmọ wa ní mọ́tò." Bí irú rẹ̀ bá wáyé, àfẹ́sọ́nà yín ni kí ó dá wọn lóhùn, kì í ṣe ẹ̀yin.

Wúrà tí ìyá yín fi ta yín lọ́rẹ kì í ṣe dahej. Stridhan ni, ohun ìní ìyàwó fúnra rẹ̀, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì là á yékéyéké ní ọdún 1985 pé bí ọkọ tàbí àna bá ń bá a tọ́jú rẹ̀, olùtọ́jú lásán ni wọ́n. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé lẹ́yìn àríyá, ìyá ọkọ á fi ìfẹ́ gba wúrà náà kó o sínú àpótí báǹkì tó wà lórúkọ tirẹ̀. Tó bá wá di ọjọ́ ìjà, ta ni yóò mọ iye ẹ̀gbà ọwọ́ tó wọlé? Ìlànà ìjọba ti ọdún 1985 ní kí ẹ kọ gbogbo ẹ̀bùn sílẹ̀ nígbà ìgbéyàwó, iye tí ó tó, ẹni tó fún yín àti bó ṣe jẹ́ sí yín, kí ọkọ àti ìyàwó sì fọwọ́ sí i. Ẹ ya fọ́tò ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ìyá yín. Kí àpótí báǹkì wà lórúkọ yín.

Ilé gan-an ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí jù. Bíbá àna gbé ṣì wọ́pọ̀ ní Íńdíà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ní ìlú bíi Pune, tọkọtaya púpọ̀ ti ń dá gbé nínú fúláàtì wọn. (Ní ìpínlẹ̀ Meghalaya, láàárín ẹ̀yà Khasi, ọmọbìnrin tí wọ́n bí kẹ́yìn ló ń jogún ilé, nítorí náà ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní bákan náà ni gbogbo Íńdíà rí.) Nílé àna, ọ̀ràn kì í sábà bẹ̀rẹ̀ láti orí nínà. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí káàdì báǹkì tí wọ́n ní kí ìyàwó kó sílẹ̀ torí "owó ilé kan náà ni," láti orí iṣẹ́ tí wọ́n ní kí ó fi sílẹ̀, láti orí oúnjẹ tó ń dá sè fún gbogbo ilé ní ìdájí kí ó tó lọ síbi iṣẹ́, nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń wo fóònù. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 2005 láti dáàbò bo obìnrin lọ́wọ́ ìwà ipá nínú ilé ka fífi owó ni obìnrin lára mọ́ ìwà ipá, bó ṣe ka nínà àti èébú.

Òfin kan náà fún ìyàwó ní ẹ̀tọ́ láti máa gbé inú ilé tí òun àti ọkọ ti jọ ń gbé. Ní ọdún 2006, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé ẹ̀tọ́ yìí kò dé inú ilé tó jẹ́ ti ìyá ọkọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, ó yí ìdájọ́ yẹn padà. Ẹ̀tọ́ láti gbé ibẹ̀ ni, kì í ṣe láti ni ín, adájọ́ sì lè wo ìfọ̀kànbalẹ̀ àwọn òbí tó ti dàgbà, kí ó ní kí ọkọ gba ilé mìíràn fún aya rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè ṣàdédé kó ẹrù yín síta láìgba ọ̀nà òfin. Ibi tí òfin wọn ṣì kù sí, tó sì ń dùn mí, ni pé ọkọ tó fipá bá aya rẹ̀ tó ti pé ọdún 18 lò pọ̀ kò tíì jẹ́ afipábánilòpọ̀ nínú ìwé òfin ọ̀daràn tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù keje ọdún 2024. Òfin 2005 ni irú aya bẹ́ẹ̀ lè sá dì.

Bí ọmọ tèmi ni yín, n ó ní kí ẹ gba fúláàtì nítòsí àwọn àna yín fún ọdún àkọ́kọ́, kí ẹ máa lọ kí wọn ní òpin ọ̀sẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ físà. Físà tí ẹ ó fi tẹ̀ lé ọkọ wọlé kò gbà yín láyè láti ṣiṣẹ́ owó, àfi tí ẹ bá gba ìyọ̀ǹda mìíràn. Bí ìgbéyàwó tó ti wà nínú ìwé ìjọba bá pé ọdún méjì, ẹ lè béèrè káàdì OCI (Overseas Citizen of India), tí yóò jẹ́ kí ẹ lè gbé ibẹ̀ kí ẹ sì ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí kóòtù bá tú ìgbéyàwó ká, ìjọba lè gbà á padà. Nítorí náà, ẹ má ṣe ti àkáǹtì yín ní ìlú Ọba pa, kí ìwé ìrìnnà yín sì wà lọ́wọ́ yín, kì í ṣe nínú kọ́bọ́ọ̀dù ìyá ọkọ. Nọ́ńbà tí ẹ ó tọ́jú sínú fóònù kí ẹ tó kúrò ní pápákọ̀ òfurufú ni 181, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn obìnrin, àti 112 fún pàjáwìrì.