Ẹ má ra ìsọ̀yè fún ọmọ yín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, tíṣà. Ọmọbìnrin mi tó wà ní SS3 gba ìwé ẹgbẹ̀rún kan ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì líle níbi tó ti ń gba lesson. Èyí tó há sórí lónìí, ó ti gbàgbé rẹ̀ lọ́la. Ẹnìkan ń ta kápúsù ìsọ̀yè ládùúgbò wa. Ṣé kí n rà á? Ìyá kan ní Mushin.

Ìdáhùn: Mà, ẹ má rà á. Èmi kì í ṣe dókítà, àmọ́ kápúsù tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC kò gbọ́dọ̀ dé ẹnu ọmọ. Bó bá ń gbàgbé ohun mìíràn yàtọ̀ sí ìwé, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.

Orí ọmọ kọ́ ló jò. Ìwé yẹn ni kò dáa: ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ kan, ó parí. Inú ń bí mi sí i, torí ọdọọdún ni mò ń rí ọmọ tó tìtorí rẹ̀ sunkún. Ẹ wo "sanction". Ìwé á ní fífi ìyà jẹni ni. Ọmọ á há a sórí. Ó délé ìdánwò, ó bá "The principal sanctioned the excursion", ó yára mú "punished". Ó ti ṣì í! "Approved" ni, ọ̀gá fọwọ́ sí ìrìn àjò náà ni. Àwa náà ń jẹ iyán, à ń jẹ gbèsè, à ń jẹ oyè. Ta ló to ìtumọ̀ "jẹ" sínú ìwé fún wa ká tó mọ̀ ọ́n? Ẹnu àwọn àgbà la ti gbọ́ ọ, nínú ọ̀rọ̀ tó nítumọ̀. Nínú gbólóhùn náà ni WAEC àti JAMB ti ń béèrè rẹ̀.

Ní 1885, Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, tẹ ìwé jáde lórí bó ṣe fi ara rẹ̀ dán ìrántí wò. Ègé ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ ló ń há sórí, kíá ló sì ń gbàgbé wọn. Ohun tí ọmọ yín ń ṣe gan-an nìyẹn. Àmọ́ ọkùnrin yìí tún rí i pé àtúnkà tí a pín sí ọjọ́ mélòó kan sàn ju àkàpọ̀ ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lójúmọ́ ti tó, kó ṣà wọ́n látinú àyọkà past question. Kó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ gbólóhùn nípa àdúgbò yín. Lọ́jọ́ kejì, kó pa ìwé dé, kó gbìyànjú láti rántí wọn. Kó tún un ṣe lọ́jọ́ kẹrin àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. N kò lè ṣèlérí A1 fún yín o. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń dáná lálẹ́, ẹ pè é kó wá ka gbólóhùn rẹ̀ sí yín létí, kó sì fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀. Èyí tí kò bá lè ṣàlàyé fún yín, kò tíì mọ̀ ọ́n. Kó fi kún ti ọ̀la.